Kí La Ṣe, Máà?

"Kí la ṣe, Máà?"
Ohùn méjìlélógójì ló bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà
lórí pápá ilé ìwé wa, l'Ógbòmọ̀ṣọ́,
nígbà tí tíṣà tuntun ní kí gbogbo wọn ó lóṣòó.
Ní tiwa níbí, ẹni tó bá pẹ́ dé ní í lóṣòó,
ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lórí ìlà láàárọ̀,
ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ìṣirò tí mo fún un.
Èmi gan-an ni mo sábà máa ń sọ ọ́:
"Bọ́ síta. Lóṣòó. Na apá rẹ méjèèjì."

Míìsì Òjéwùmí rẹ́rìn-ín.
"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni."

Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé yàrá olùkọ́,
mo fi ọwọ́ kan ti ìbàdí
tó ti ń dùn mí láti ọjọ́ tí mo dá gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé.
Kò fọn fèrè. Kò fi ẹfun fa ìlà eré sísá sílẹ̀.
Kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́wàá ló rọ yanrìn sí,
ó yí táyà ọkọ̀ akẹ́rù láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà ní Tákìé,
ó kó okùn dání, àti àpò sìmẹ́ńtì tó ki ewé kajú bọ̀.
Gbé e. Tì í. Fà á. Rá.
Dìde nílẹ̀ láì fọwọ́ tilẹ̀.

Ọ̀gá wa jáde: "Máàṣì-páàsì ńkọ́?
Íńtáháòsì kù sí dẹ̀dẹ̀,
ẹ sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ alábàárù!"
Ó rọra dáhùn, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá tó dáhùn:
"Ọjọ́ kan péré lọ́dún ni wọ́n ń yan, Sà.
Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pọn omi."

Ọmọ kan wà, Moróunmúbọ̀,
tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sáré, a ó ti pín ẹ̀bùn tán kó tó dé.
Lọ́rì Alẹ́ ni wọ́n ń pè é.
Lọ́jọ́ náà ó tẹ̀ ní ìbàdí, ẹ̀yìn rẹ̀ gún bíi rúlà,
ó di etí kẹ́ẹ̀gì méjì mú,
ó fi gìgísẹ̀ ti ilẹ̀,
ó dìde.
Ó rìn láti ìdí máńgòrò dé ẹnu géètì, ó sì rìn padà.
Àwọn tó ń sáré bí ètù ti sọ tiwọn kalẹ̀ lágbedeméjì.
"Ta ló kọ́ ọ?"
"Kànga ilé wa ni, Máà. Ìyá àgbà ò lè fà á mọ́."

Mo pa fèrèsé dé. Ó kan iṣẹ́ tèmi.
Mo ń ya igun mẹ́ta sójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì bọ́.
Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un,
ẹ̀yìn há mọ́ mi bí ilẹ̀kùn tí òjò ti wú.
Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.
Ohùn kékeré kan láti ìjókòó ẹ̀yìn:
"Sà, ẹ má fi ẹ̀yìn nìkan mú un.
Ẹ jẹ́ kí orúnkún náà ó gbọ́ sí i."

Mo ti fi ìlóṣòó jẹ ẹ́ níyà lẹ́ẹ̀mẹta ní táàmù yìí.

Ní aago mẹ́rin, pápá dá.
Ọyẹ́ ń gbé eruku lójú ọ̀nà.
Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì,
mo di igi máńgòrò mú bí ọmọ ọdún kan ti í di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú,
mo sọ̀kalẹ̀.
Eékún han. Mo tún sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i.
Mo mọ èyí rí kí n tó mọ ení, èjì;
àga ló gbà á lọ́wọ́ mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹlẹ́sanwó.
Nísàlẹ̀ níbẹ̀, èèrà mẹ́fà ń gbé ìyẹ́ labalábá lọ,
èyí tó ń tì ń tì, èyí tó ń fà ń fà.
Mo ṣì wà nílẹ̀, mò ń wò wọ́n,
nígbà tí olùṣọ́ géètì yọ sí mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́:
"Tíṣà,
kí lẹ ṣe?"